Ọjọ́ mẹ́ta péré: Bí òfin crypto bá yí padà, ta ló ń fara gbá a?

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta ọdún 2024, iléeṣẹ́ Binance fi ìkéde kan síta pé àwọn ò ní í bá ẹnikẹ́ni ṣòwò náírà mọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti dá ẹni tó fẹ́ kó náírà wọlé dúró. Nígbà tó di ọjọ́ keje, wọ́n yọ gbogbo ọjà tó ní náírà nínú kúrò. Àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ẹni tí kò bá tíì gba náírà rẹ̀ jáde kò lè gbà á mọ́. Náírà tó bá ṣẹ́ kù nínú àkáǹtì, Binance fúnra wọn ló sọ ọ́ di USDT, ní 1,515.13 náírà sí USDT kan.

Ẹ tún un kà. Ọjọ́ mẹ́ta péré.

Ẹ ro ti ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yẹn, tàbí ẹni tí wọ́n já fóònù rẹ̀ gbà ní Ọ̀ṣòdì tó ṣì ń sáré láti gba nọ́ńbà rẹ̀ padà, tàbí ẹni tó kàn lọ sóko, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí níbẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ á padà dé, á rí i pé wọ́n ti bá òun pinnu ohun tí owó òun máa dà àti iye tí wọ́n máa ṣẹ́ ẹ. Kì í ṣe pé wọ́n jí owó náà o. Owó wà níbẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Nítorí ẹni yẹn ni mo ṣe kọ èyí. Láti ọdún 2021 la ti ń jiyàn lórí bóyá crypto bófin mu ní Nàìjíríà tàbí kò bófin mu. Ìbéèrè tó dáa ni, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń dun oníbàárà jù. Èyí tó ń dùn ún ni pé: bí owó mi bá há, ta ló máa gbọ́ ẹjọ́ mi? Tẹ́ ẹ bá fi ìbéèrè yẹn wo gbogbo àyípadà tó ti wáyé láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ẹ máa rí i pé ìtàn náà yàtọ̀ sí èyí tí ìjọba ń sọ, ó sì yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ọmọ Twitter ń sọ.

Lẹ́tà tí wọn ò kọ sí wa

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún 2021 ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, nígbà tí Godwin Emefiele ṣì jẹ́ gómìnà ibẹ̀, kọ lẹ́tà sí gbogbo báǹkì. Lẹ́tà náà ò gùn. Ó ní kí báǹkì wá gbogbo ẹni àti iléeṣẹ́ tó ń ra crypto tàbí tó ń tà á nípasẹ̀ wọn, kí wọ́n sì ti àkáǹtì wọn pa lójú ẹsẹ̀. Báǹkì tó bá kọ̀, ìyà ń bọ̀.

Ẹ wò ó dáadáa: báǹkì ni wọ́n kọ lẹ́tà sí. Ẹni tó ni àkáǹtì ò sí lára àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tó sọ pé tí wọ́n bá ti àkáǹtì rẹ pa láìtọ́, ibi báyìí ni kó o lọ. Kò sí pé wọ́n máa fún ẹ ní àsìkò láti kó owó rẹ kúrò. Kódà, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ nígbà náà, jáde lóṣù yẹn kan náà ó ní ohun tó yẹ ni kí wọ́n ṣòfin tó máa darí ọ̀rọ̀ crypto, kì í ṣe kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ìyẹn náà, lẹ́tà yẹn dúró fún ọdún méjì àti oṣù mẹ́wàá.

Ṣé àwọn èèyàn wá ṣíwọ́? Rárá o. Ibi tí omi ò bá ti rọ́nà gbà, á wá ibòmíràn gbà. P2P ló di ọ̀nà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí mọ bó ṣe ń lọ. Ìwọ ní USDT, ẹnì kan fẹ́ rà á. App á di USDT rẹ mú. Ẹni yẹn á fi náírà ránṣẹ́ láti báǹkì tiẹ̀ sí báǹkì tìẹ. Tó o bá ti rí álẹ́ẹ̀tì, wàá tẹ bọ́tìnì, app á tú USDT sílẹ̀ fún un. Lójú báǹkì, ẹnì kan ló fowó ránṣẹ́ sí ẹnì kejì, kò sí crypto níbẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tà á fi máa ń kọ ọ́ gàdàgbà pé: “Ẹ má kọ crypto o, ẹ má kọ USDT, ẹ má kọ Binance sídìí owó tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́.”

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà fara pamọ́ sí. Ká ní ẹni tó ra USDT lọ́wọ́ rẹ fi owó olówó rà á, owó tó jí kó nínú àkáǹtì ẹlòmíràn. Olówó á ké gbàjarè, báǹkì á tọpa owó náà, ó di ọ̀dọ̀ rẹ, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé àkáǹtì rẹ. Ìwọ ò mọwọ́ mẹsẹ̀. O ní ẹ̀rí lórí app pé ọjà lo tà. Àmọ́ tó o bá gbé ẹ̀rí yẹn lọ sí báǹkì, o ti fẹnu ara rẹ sọ pé ò ń ta crypto, báǹkì sì ti gba lẹ́tà pé kí wọ́n ti àkáǹtì irú rẹ pa. Ẹ̀rí tó yẹ kó gbà ẹ́ sílẹ̀ ló máa dá ẹ lẹ́bi.

Ohun tí lẹ́tà 2021 ṣe fún oníbàárà nìyẹn. Kò gba crypto lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu tó máa fi rojọ́ ló gbà.

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, kò sí kọ́kọ́rọ́

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kejìlá ọdún 2023, CBN yí ohùn padà. Wọ́n ní báǹkì lè ṣí àkáǹtì fún iléeṣẹ́ tó ń ṣòwò crypto, bó tiẹ̀ jẹ́ pé báǹkì fúnra rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ rà á tàbí tà á. Inú ọ̀pọ̀ dùn. Orí WhatsApp kún fún “crypto ti padà sí Nàìjíríà.”

Ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà: iléeṣẹ́ tó bá ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ SEC, àjọ tó ń ṣàmójútó ọjà ìdókòwò, nìkan ni báǹkì lè bá ṣe. SEC ti gbé ìlànà síta láti oṣù karùn-ún ọdún 2022, wọ́n ní iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣe irú ọjà yìí gbọ́dọ̀ ní 500 mílíọ̀nù náírà nílẹ̀. Àmọ́ títí di ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni wọn ò tíì fún àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ ní nǹkan kan. Oṣù yẹn ni wọ́n tó fún Quidax àti Busha ní àṣẹ onígbà díẹ̀, àwọn méjì àkọ́kọ́ nìyẹn. Fún oṣù mẹ́jọ, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí lórí ìwé, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní ìwé tí yóò fi wọlé.

Láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn ni ìjì jà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, náírà ń já bọ́. Lóṣù kejì, dọ́là kan súnmọ́ 1,900 náírà lọ́jà dúdú. Ìjọba ní orí Binance ni wọ́n ti ń pinnu iye tí dọ́là máa jẹ́. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì, gómìnà CBN, Olayemi Cardoso, sọ pé bílíọ̀nù 26 dọ́là ló gba orí Binance kọjá ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan, látọ̀dọ̀ àwọn tí ẹnikẹ́ni ò lè fi dáni lójú pé ẹni báyìí ni wọ́n. Ọjọ́ tó ṣáájú ìyẹn ni wọ́n ti mú àwọn ọ̀gá Binance méjì tó wá bá ìjọba sọ̀rọ̀ l’Ábújá. Ẹ rántí ìyókù: Nadeem Anjarwalla sá lọ lóṣù kẹta, Tigran Gambaryan wà lẹ́wọ̀n Kùjẹ́ títí wọ́n fi fà ẹjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn lóṣù kẹwàá.

Mi ò ní í sọ pé ìjọba ò ní ìdí kankan. SEC ti kìlọ̀ láti ọdún 2023 pé Binance ò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Iléeṣẹ́ tí owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, tí kò ní ọ́fíìsì tá a lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀, tí kò sì sí àjọ kankan níbí tó ń bojú wò ó, ó yẹ kó kọ ìjọba lóminú. Tó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n fi ṣe gómìnà Báǹkì Àpapọ̀, ìwọ náà ò ní í sùn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ìyà náà balẹ̀ sí. Bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ló ń fara gbá a. Ìjọba bínú sí Binance, Binance kó ẹrù rẹ̀, oníbàárà ni wọ́n fún ní ọjọ́ mẹ́ta. Lóṣù kejì ọdún 2025, àjọ FIRS tó ń gba owó orí pe Binance lẹ́jọ́ pé kó san bílíọ̀nù 79.5 dọ́là fún àdánù tó bá ọrọ̀ ajé, àti bílíọ̀nù méjì dọ́là owó orí. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n kọ sára owó yẹn: ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè, àti àpò ìjọba. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ́ owó rẹ̀ ní 1,515.13 láìbéèrè ò sí nínú ìwé ẹjọ́.

Láti orí app bọ́ sínú WhatsApp

Nígbà tí náírà kúrò lórí P2P Binance, ibo làwọn èèyàn gbà lọ? Àwọn kan lọ sórí app mìíràn láti ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀pọ̀ lọ sínú gúrúùpù WhatsApp àti Telegram. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Lórí app, ẹnì kan wà láàárín yín tó di ọjà mú títí owó fi wọlé. Nínú WhatsApp, kò sẹ́ni láàárín. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́, kó o wá máa gbàdúrà. Tàbí òun ló máa kọ́kọ́ fi USDT ránṣẹ́, kó máa gbàdúrà tiẹ̀. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní ni “bọ̀dá yẹn ò kí ń ṣe bẹ́ẹ̀” àti “ádímìnì mọ̀ ọ́n.” Tó bá sì di wàhálà, ádímìnì á yọ ẹ́ kúrò nínú gúrúùpù.

Báyìí ni òfin tí wọ́n ní àwọn fi ń dáàbò bo ará ìlú ṣe lé ará ìlú kúrò níbi tí ààbò díẹ̀ wà lọ síbi tí kò sí rárá.

Ọ̀rọ̀ náà ò wá tán síbẹ̀. Lóṣù kẹrin ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ l’Ábújá fún EFCC láṣẹ láti gbẹ́sẹ̀ lé àkáǹtì báǹkì 1,146 lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń ṣòwò dọ́là láìgbàṣẹ. Àwọn tó ń ṣe P2P wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Oṣù yẹn kan náà ni CBN ní kí OPay, Moniepoint, PalmPay àti Kuda dá gbígba oníbàárà tuntun dúró ná. Kò pẹ́ tí àwọn kan lára wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún oníbàárà pé àkáǹtì tí wọ́n bá rí crypto nínú rẹ̀, títì ni. Oṣù kẹfà ni wọ́n tó tú wọn sílẹ̀ láti máa gba oníbàárà padà.

Ẹ kà á: ní oṣù kejìlá ọdún 2023, “ó ti bófin mu.” Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, “a máa ti àkáǹtì rẹ pa.” Oṣù márùn-ún ló wà láàárín wọn. Òfin kan náà, orílẹ̀-èdè kan náà, ẹni kan náà tó ń fi USDT gba owó iṣẹ́ tó ń ṣe fún àwọn tó wà lókè òkun.

Ohun tí òfin 2025 yí padà

Mo ti bínú tó, ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó dáa. Lóṣù kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin tuntun lórí ọjà ìdókòwò, èyí tí wọ́n ń pè ní ISA 2025. Òfin yẹn ló sọ ọ́ kedere pé dúkìá orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi crypto wà lábẹ́ àṣẹ SEC. Tẹ́lẹ̀, lẹ́tà àti ìlànà la ń fi ṣe é, èyí tí ọ̀gá tuntun lè fi bírò kan pa rẹ́. Báyìí, ó ti di òfin tí ilé aṣòfin ṣe.

Kí ló kan oníbàárà níbẹ̀? Ohun méjì.

Èkíní, ẹnu tí lẹ́tà 2021 gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ti padà bọ́ sí i lọ́wọ́. Tí iléeṣẹ́ tó ní àṣẹ SEC bá há ẹ lówó, o lè kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà, tí wọn ò bá dáhùn, o gbé e lọ sí SEC, ilé ẹjọ́ pàtàkì tó wà fún ọ̀rọ̀ ìdókòwò náà sì wà níwájú. O lè sọ ọ́ ketekete pé crypto ni mo rà. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ mọ́.

Èkejì, òfin náà gbá àwọn onígbájú-ẹ̀ létí. Ẹni tó bá dá ètò “mú owó wá, ká sọ ọ́ di méjì” sílẹ̀ lè san ó kéré tán 20 mílíọ̀nù náírà, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, tàbí kó gba méjèèjì.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn ò ní í gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n buwọ́ lu òfin yẹn. Lóṣù kẹrin ọdún 2025 ni CBEX ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn. Wọ́n ń rí owó lójú app, wọn ò lè gbà á jáde. Wọ́n tún ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ kọ́kọ́ san 100 dọ́là tàbí 200 dọ́là kí wọ́n lè fi dá a mọ̀. Inú wá bí àwọn èèyàn, wọ́n ya bo ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó, wọ́n kó àga, wọ́n kó ẹ̀rọ amúlétutù. SEC wá jáde pé CBEX ò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn rí.

Àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojúkòkòrò ló pa wọ́n. Ojúkòkòrò wà ńbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wò ó báyìí: láti ọdún 2021 títí di ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2024, gbogbo ibi tí èèyàn lè gbà ra crypto ní Nàìjíríà ni kò ní ìwé àṣẹ SEC, àti èyí tó dáa àti èyí tó jẹ́ gbájú-ẹ̀. Fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta, a kọ́ àwọn èèyàn pé “kò forúkọ sílẹ̀” kò túmọ̀ sí nǹkan kan, torí pé kò sẹ́ni tó forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí SEC wá ń pariwo pé CBEX ò forúkọ sílẹ̀, ta ló fẹ́ gbọ́?

Ìwé àṣẹ kì í ṣe gbogbo rẹ̀

Ẹ má bá mi sọ pé ká wá kó gbogbo owó wa lọ síbi tó ní àṣẹ, ká wá fẹsẹ̀ lélẹ̀ sùn. Ohun tí ìwé àṣẹ ń ṣe ni pé ó fún ẹ ní ẹni tó o lè fẹjọ́ sùn. Kò sọ pé owó rẹ ò lè sọnù.

Ẹ fi wé báǹkì. Tí báǹkì ńlá kan bá kógbá sílé lónìí, àjọ NDIC tó ń dójú tòfò máa san owó rẹ padà fún ẹ títí dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ọ̀nà márùn-ún, kì í ṣe kékeré. Lórí crypto, kò sí irú rẹ̀. NDIC ò mọ USDT. Tí iléeṣẹ́ crypto bá kógbá sílé, tàbí tí wọ́n bá jí i lólè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwọ àti àwọn yòókù lẹ jọ máa tò sí ẹnu ọ̀nà wọn.

Ẹ̀gbẹ́ kejì sì tún wà. Owó tí SEC ní kí iléeṣẹ́ ní nílẹ̀ kì í ṣe owó tí ọmọ mẹ́ta tó ń kọ app ní Yábàá lè rí kó jọ. Bí owó tí wọ́n ń béèrè bá ṣe ń ga tó, bẹ́ẹ̀ náà ni iye iléeṣẹ́ tó máa kù lọ́jà á ṣe máa dínkù. Tí wọn ò bá ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, iye tí wọ́n bá fẹ́ ni wọ́n á máa ṣẹ́ USDT. Owó ìwé àṣẹ yẹn, inú owó tí wọ́n ń yọ lórí ọjà rẹ ni wọ́n á ti rí i san. Kò sí ààbò tó jẹ́ ọ̀fẹ́.

Owó orí ti dé

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, FIRS sì ti di Nigeria Revenue Service. Èrè tó o bá jẹ lórí crypto ti wọ inú owó tí wọ́n máa gba owó orí lé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ kó má di ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù. Èrè ni wọ́n ń wò, kì í ṣe gbogbo owó tó gba àkáǹtì rẹ kọjá. Tó o bá ra nǹkan ní 1,200,000, tó o tà á ní 1,500,000, 300,000 ni èrè rẹ. 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú gbogbo owó tó wọlé fún ẹ lọ́dún, wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Mílíọ̀nù méjì àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, ìyẹn 2,200,000, ìpín 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Fún àpẹẹrẹ, ẹni tí kò níṣẹ́ mìíràn, tó jèrè mílíọ̀nù mẹ́ta lórí crypto lọ́dún, 330,000 náírà ló máa san. Bí owó ṣe ń pọ̀ ni ìpín náà ń ga, títí dé 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó o bá níṣẹ́ oṣù, rántí pé owó oṣù rẹ ti lè jẹ 800,000 yẹn tán, èrè crypto á wá gun orí rẹ̀.

Tó o bá pàdánù ńkọ́? O lè yọ ọ́, àmọ́ inú èrè tó o jẹ lórí irú dúkìá yìí nìkan lo ti lè yọ ọ́. O ò lè fi àdánù crypto gé owó orí owó oṣù rẹ.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni ẹ̀rí. Òfin ní kí iléeṣẹ́ crypto máa kó àkọsílẹ̀ oníbàárà fún àwọn tó ń gba owó orí. Iléeṣẹ́ tó bá kọ̀ máa san 10 mílíọ̀nù náírà fún oṣù àkọ́kọ́, mílíọ̀nù kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e, ó sì lè pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀. Ìjọba á mọ iye tó o tà. Ṣé ìwọ lè fi iye tó o fi rà á hàn? Ẹni tó rà á nínú WhatsApp lọ́dún 2024, nígbà tí òfin lé e débẹ̀, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju ọ̀rọ̀ tó ti pa rẹ́ lórí fóònù lọ. Ó lè wá di pé á san owó orí lórí èrè tí kò jẹ.

Kí la máa ṣe báyìí?

Ẹ kọ́kọ́ wo ojú òpó SEC fúnra rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi owó síbikíbi. Kí ẹ má wo àwòrán ìwé àṣẹ tí iléeṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ara wọn lórí Instagram. Kí ẹ sì wo irú àṣẹ tó jẹ́, torí àṣẹ onígbà díẹ̀ àti ìwé àṣẹ gidi kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ gba àkọsílẹ̀ gbogbo ọjà yín jáde lórí app lóṣooṣù, kẹ́ ẹ fi pamọ́ síbòmíràn. Ọjọ́ tí app bá ti ilẹ̀kùn kọ́ lẹ máa wá a.

Ẹ má fi náírà sílẹ̀ lásán lórí app crypto. Ibi ọjà ni, kì í ṣe ibi ìfowópamọ́. Ẹ kó èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ ná padà sí báǹkì, níbi tí NDIC wà.

Ìyẹn ni ti àwa. Ti SEC ńkọ́? Lóṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí wọ́n fẹ́ kí àwọn iléeṣẹ́ crypto wá forúkọ sílẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún wọn. Wọ́n mọ̀ pé èèyàn nílò àsìkò láti kó ìwé jọ, láti wá lọ́yà, láti ronú. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìyẹn, oníbàárà Binance rí ọjọ́ mẹ́ta gbà. Mo mọ̀ pé Binance ló fún wọn ní mẹ́ta yẹn, kì í ṣe SEC. Àmọ́ kò sí òfin kankan nígbà náà tó ní kó má jẹ́ mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó bá wọn bi Binance léèrè.

Ní báyìí tí òfin ti wà, tí SEC ti ní agbára, ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n kọ sínú ìlànà wọn: iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ kúrò, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ lé kúrò, gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní ọgbọ̀n ọjọ́ kó fi kó owó rẹ̀, ní irú owó tó fi síbẹ̀. Tó bá jẹ́ náírà ló fi síbẹ̀, náírà ni kó gbà. Kì í ṣe USDT ní iye tí ẹlòmíràn ṣẹ́ ẹ.

Kò ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Títí wọ́n á fi kọ ọ́, ẹ má fi owó tẹ́ ẹ ò lè dúró dè síbi tí wọ́n ti lè fún yín ní ọjọ́ mẹ́ta.